Ọmọ Tí Ilé-Ìwé Lé, Ta Ni Yóò Gbà Á?



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Aláàánú jùlọ, Ẹni tí Ó ń pe ẹlẹ́ṣẹ̀ kí ó padà wá, tí kì í ti ìlẹ̀kùn àánú mọ́ ọn níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀mí bá ṣì wà lẹ́nu rẹ̀. Ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad (S.A.W.), àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀, àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé ọ̀nà wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ẹ̀kọ́ wa ti oṣù yìí dá lórí ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti fi ojú rí, tí àwọn mìíràn sì ti fara gbá: lílé ọmọ kúrò ní ilé-ìwé nítorí ìwà tí ó hù. Àwọn kan wà tí wọ́n ń dá dúró fún ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Èyí ni àwọn ọmọ ilé-ìwé ń pè ní sọsipẹ́ńṣàn. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń lé pátápátá, tí wọ́n á fún ní ìwé pé kí wọ́n má ṣe padà wá mọ́.

Kí ló dé tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ojú ewé ẹ̀kọ́ wa? Ìdí ni pé láàrin àwa tí a ń ka ìwé yìí ni a ti rí olórí ọmọ ilé-ìwé, olùkọ́, agùnbánirọ̀, àti àwọn ẹ̀gbọ́n tí bàbá máa ń rán lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá ilé-ìwé nígbà tí àbúrò bá dá ọ̀ràn. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sọ ní ọjọ́ náà lè gbé ọmọ ró, ó sì lè sọ ọ́ nù.

A kò wá sọ pé kí a má bá ọmọ wí o. Ẹ̀sìn Ìsìláàmù kò fi àyè gba ìwà jàgídíjàgan, Yorùbá náà sì ní ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò ni èyí: ṣé lílé ọmọ síta ni ìbáwí, àbí ibẹ̀ gan-an ni ìbáwí ti ń parí? Bí a kò bá sì lé e, kí ni kí a ṣe?

KÍ NI LÍLÉ Ń ṢE FÚN ỌMỌ?

Ká ní Lágbájá wà ní SS 2. Òun àti Tàmẹ̀dò jà ní ìdí kànga ilé-ìwé, ó sì fi òkúta fọ́ Tàmẹ̀dò lórí. Wọ́n ní kí Lágbájá lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ní alẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́, bàbá rẹ̀ yóò nà án. Ní ọjọ́ kejì, bàbá yóò gba ibi iṣẹ́ lọ, ìyá yóò gba ọjà lọ, Lágbájá nìkan ni yóò ṣẹ́kù sílé. Kí agogo mọ́kànlá tó lù, yóò ti rìn dé ìdí tẹ́tẹ́ tàbí abẹ́ igi tí àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ń pàdé. Ní kíláàsì, wọn ò dúró dè é. Wọ́n ti kọ́ orí méjì nínú ìṣirò. Tàmẹ̀dò ńkọ́? Ẹnikẹ́ni kò san owó oògùn rẹ̀ fún un. Ẹnikẹ́ni kò tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ó dá ìjà sílẹ̀ ṣì wà nílẹ̀ bí ó ti wà. Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá pé, Lágbájá yóò padà dé tòun ti ìbínú, ẹ̀kọ́ yóò ti fi í sílẹ̀, yóò sì ti ní ọ̀rẹ́ tuntun tí ìyá rẹ̀ kò mọ̀.

Ti ọmọ tí ó ń sá ní ilé-ìwé ló tún yani lẹ́nu jù. Ó ti fi ìwà rẹ̀ sọ pé òun kò fẹ́ wá. Ilé-ìwé sì dá a lóhùn pé kí ó má wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé ìyà ni ìyẹn, àbí ẹ̀bùn?

Àwọn ará Amẹ́ríkà ti dán ọ̀nà líle wò. Láti 1994 ni òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ti sọ pé kí wọ́n lé ọmọ tí ó bá gbé ìbọn wá sí ilé-ìwé fún ó kéré tán ọdún kan. Òfin yẹn ní ìdí. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ilé-ìwé na ọwọ́ líle náà dé orí ọ̀rọ̀ kékeré: àfojúdi, ariwo nínú kíláàsì, pípẹ́ dé. Ní 2008, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ní orílẹ̀-èdè náà gbé àbọ̀ ìwádìí jáde pé àwọn kò rí ẹ̀rí pé ọ̀nà yìí sọ ilé-ìwé di ibi ààbò. Ní 2011, ìwádìí ńlá kan jáde láti ìpínlẹ̀ Texas. Wọ́n tọpa àkọsílẹ̀ àwọn ọmọ tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù kan láti kíláàsì keje lọ. Nínú ọmọ 10, bíi 6 ni wọ́n ti dá dúró tàbí lé ní ẹ̀ẹ̀kan ó kéré tán, yálà nínú ọgbà tàbí síta. Nínú 100 irú ìjìyà bẹ́ẹ̀, 3 péré ni òfin ìpínlẹ̀ fi dandan lé. Ìyókù jẹ́ ohun tí ilé-ìwé fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú ni ó jẹ ìyà náà jù. Ọmọ tí wọ́n bá sì dá dúró tàbí lé lórí irú ẹ̀sùn tí òfin kò fi dandan lé yìí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta kí ó bọ́ sọ́wọ́ ilé-ẹjọ́ àti agbófinró àwọn ọmọdé ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. A kò sọ pé lílé nìkan ni ó fà á. Ṣùgbọ́n ó dájú pé lílé kò wo àìsàn náà sàn.

ÀPẸẸRẸ LÁTI AYÉ ÀNÁBÌ (S.A.W.)

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹni mẹ́ta tí ó ṣẹ̀ ní Mọdínà, kí a sì wo ohun tí a ṣe fún wọn.

Ẹni kìíní ni ọkùnrin kan tí ó ń jẹ́ Abdullahi, tí àwọn ènìyàn máa ń fi orúkọ kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ pè. Aláwàdà ni, ó máa ń pa Ànábì lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ó ń mu ọtí. Wọ́n ti jẹ ẹ́ níyà lórí rẹ̀. Wọ́n tún mú un wá ní ọjọ́ mìíràn, wọ́n sì tún jẹ ẹ́ níyà. Ẹnì kan tí ó wà níbẹ̀ ṣẹ́ èpè fún un nítorí pé mímú tí wọ́n ń mú un wá ti pọ̀ jù. Ànábì kọ̀ fún ẹni náà. Ó jẹ́rìí sí i pé ọlọ́tí yìí fẹ́ràn Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀. Nínú ẹ̀gbàwá mìíràn tí ó jọ èyí, ó kìlọ̀ pé kí wọ́n má ṣe ran Ṣàìtáánì lọ́wọ́ lórí arákùnrin wọn. Bukhari ni ó gba méjèèjì wá. Ẹ kíyè sí i: ìyà jẹ ẹ́, òfin kò yí padà nítorí tirẹ̀, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ láàrin ìjọ kò sọnù.

Ẹni kejì ni Mistah. Nígbà tí wọ́n purọ́ mọ́ ìyá wa Àíṣà (R.A.), ó wà lára àwọn tí ó gbé ọ̀rọ̀ náà kiri. Ìbátan Àbúbákà ni, kò ní lọ́wọ́, Àbúbákà ni ó sì ń bọ́ ọ. Ẹ rò ó wò! Ẹni tí ò ń bọ́ ni ó ń ba ọmọ rẹ lórúkọ jẹ́. Nígbà tí Ọlọ́hun fọ Àíṣà mọ́, Àbúbákà búra pé òun kò ní fún Mistah ní kọ́bọ̀ mọ́. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni áyà 22 nínú Súrà Annúr sọ̀ kalẹ̀: Ọlọ́hun kò fẹ́ kí ọlọ́rọ̀ fi ìbúra gé oore kúrò lọ́dọ̀ ìbátan àti aláìní nítorí pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Àbúbákà dá ohun tí ó ń fún Mistah padà. Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà níbẹ̀? Bí a bá fẹ́ jẹ ènìyàn níyà, ohun tí ó fi ń gbé ayé kọ́ ni a ó gé. Fún ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé, ẹ̀kọ́ ni ohun tí yóò fi gbé ayé.

Ẹni kẹta ni Ka'b ọmọ Málíkì (R.A.), ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tí ó jókòó sílé nígbà ogun Tábúúkù ní ọdún kẹsàn-án Híjírà láìní àwáwí. Àwọn kan lè sọ pé, “Ṣebí Ànábì náà dá ènìyàn dúró?” Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má bá àwọn mẹ́ta náà sọ̀rọ̀, ó sì gba àádọ́ta òru. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti rí. Àgbàlagbà ni wọ́n, wọn kì í ṣe ọmọdé. A kò lé wọn kúrò ní Mọdínà. A kò ti mọ́sálásí mọ́ wọn. Ka'b ń wá kírun pẹ̀lú ìjọ, ó ń rìn ní ọjà. Ìjìyà náà ní òpin, ẹni tí ó fi í lélẹ̀ kò sì gbàgbé wọn. Nígbà tí Ọlọ́hun gba ìtúúbá wọn, tí ó wà nínú Súrà At-Taobah áyà 118, àwọn ènìyàn ń sáré tọ Ka'b lọ láti bá a yọ̀. Talha dìde nínú mọ́sálásí, ó sáré lọ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ka'b kò gbàgbé ìyẹn láéláé.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ láàrin àádọ́ta òru náà tí àwa tí a ń bá ọmọ lò kò gbọdọ̀ gbàgbé. Ọba Gássán, tí kì í ṣe Mùsùlùmí, gbọ́ pé ìjọ ti pa Ka'b tì. Ó kọ lẹ́tà sí i pé kí ó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun, òun yóò tọ́jú rẹ̀. Ka'b mọ̀ pé àdánwò ni. Ó ju lẹ́tà náà sínú iná ààrò.

Ẹ̀yin ará, kò sí ọmọ tí ilé-ìwé lé tí ọba Gássán kan kì í kọ lẹ́tà sí. Ní ìgboro wa, ẹgbẹ́ òkùnkùn ni ọba Gássán. Àwọn tí ń ta igbó ni. Àwọn oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń wá ọmọ iṣẹ́ ni. Gbogbo wọn ni ó ń sọ fún ọmọ náà pé, “Àwọn yẹn kọ̀ ọ́, àwa gbà ọ́.” Ka'b ní ìgbàgbọ́ tí ó fi lè sun lẹ́tà náà. Ọmọ ọdún 15 ńkọ́?

GBỌ́ TẸNU ỌMỌ KÍ O TÓ DÁJỌ́

Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà wa nìyẹn, ó sì bá ẹ̀sìn mu. Nígbà tí Ànábì (S.A.W.) rán Àlíyù (R.A.) lọ ṣe adájọ́ ní Yemen, ó kìlọ̀ fún un pé kí ó má dájọ́ fún ẹni àkọ́kọ́ kí ó tó gbọ́ ti ẹnì kejì. Áyà 6 nínú Súrà Al-Hujurát náà sì pa á láṣẹ fún wa pé kí a ṣe ìwádìí ìròyìn tí a bá mú wá, kí a má baà ṣe àwọn ẹni ẹlẹ́ni níbi pẹ̀lú àìmọ̀.

Òfin Nàìjíríà náà sọ bẹ́ẹ̀. Ní 1983, rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Máídúgùrì, wọ́n sì lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, a sì mọ̀ ọ́n sí ẹjọ́ Garba. Ní 1986, ilé-ẹjọ́ náà sọ pé lílé wọn kò bófin mu, ó sì dá wọn padà sí ẹnu ẹ̀kọ́. Kí ló fà á? Wọn kò fún wọn ní àyè tó láti gba ẹnu ara wọn sọ. Ẹni tí ó ṣe alága ìgbìmọ̀ ìwádìí sì wà lára àwọn tí rògbòdìyàn náà kàn. Ẹ̀sùn tí ó jẹ́ ti ọ̀daràn, bíi sísun ilé, ilé-ẹjọ́ ni ó yẹ kí ó gbọ́ ọ, kì í ṣe ìgbìmọ̀ ilé-ìwé. Ẹ̀kọ́ yìí wúlò fún ilé-ìwé gírámà náà: ẹni tí ọmọ ṣẹ̀ kọ́ ni kí ó ṣe ẹlẹ́rìí, kí ó tún ṣe adájọ́.

Ó tún yẹ kí a máa bèèrè pé, ta ni à ń lé? Bí ọmọbìnrin bá lóyún, òun ni wọ́n máa ń lé. Ọmọkùnrin tí ó fún un lóyún yóò sì jókòó ṣe ìdánwò WAEC rẹ̀. Sìná kò dára, a kò sì ní sọ pé ó dára. Ṣùgbọ́n ìdájọ́ tí ó ṣubú lórí ẹnì kan nínú ẹni méjì, ṣé ìdájọ́ òdodo ni? Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti Nàìjíríà tí wọ́n ṣe ní 2003, ní abala 15, sọ pé irú ọmọbìnrin bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àǹfààní láti máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn tí ó bá bímọ.

Àwa Mùsùlùmí kì í ṣe àjèjì sí ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé tí wọ́n tì mọ́ni. Ọ̀pọ̀ arábìnrin wa ni wọ́n ti dá padà sílé nítorí híjáàbù. Ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2022 ni Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé àwọn ọmọbìnrin Mùsùlùmí ní ilé-ìwé ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Èkó ní ẹ̀tọ́ láti lò ó. Ẹni tí ó bá ti mọ bí ó ti ń dun ènìyàn láti dúró síta nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kàwé nínú ilé, kò yẹ kí ó yára ti ẹlòmíràn síta.

OHUN TÍ A LÈ ṢE DÍPÒ LÍLÉ

1. Kí a wá ìdí ọ̀rọ̀. Ọmọ tí ó ń pẹ́ dé lójoojúmọ́ lè jẹ́ ẹni tí ó ń kiri àkàrà kí ó tó wá. Ọmọ tí ó ń pariwo nígbà tí wọ́n bá ń kọ nǹkan sí ara pátákó lè jẹ́ ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dé ibẹ̀, tàbí ẹni tí kò mọ ìwé kà dáadáa tí kò sì fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ òun mọ̀. Bí a bá lé e lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ojú rẹ̀ kò ní ríran sí i. Kí ilé-ìwé ránṣẹ́ pe òbí nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì kéré. Igi gàǹgàràn má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

2. Ìjókòó ìlàjà. Ní ìpínlẹ̀ Queensland ní Ọsirélíà, láti 1994 ni àwọn ilé-ìwé kan ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹni tí ó ṣẹ̀, ẹni tí a ṣẹ̀, àwọn òbí àti olùkọ́ jókòó pọ̀ lẹ́yìn ìjà ńlá. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti ń ṣe é láti ìgbà náà. Àwa kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wa ní ìpìlẹ̀ rẹ̀. Bí àwọn àgbà wa ti ń parí ìjà nìyẹn, áyà 9 àti 10 nínú Súrà Al-Hujurát sì pa ìlàjà láṣẹ fún wa. Ìbéèrè márùn-ún tó: Kí ni ó ṣẹlẹ̀? Kí ni o ń rò nígbà náà? Ta ni ó dùn, báwo ni ó sì ti dùn ún tó? Kí ni o máa ṣe láti tún un ṣe? Kí ni a ó ṣe kí ó má tún ṣẹlẹ̀? Kí ẹni tí a ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ tó bí ó bá ti fẹ́. Ó rọrùn fún Lágbájá láti kúnlẹ̀ gbé ọwọ́ sókè fún wákàtí kan. Kò rọrùn fún un láti wo ojú ìyá Tàmẹ̀dò.

3. Kí ó tún ohun tí ó bàjẹ́ ṣe. Àwọn àlùfáà wa kọ́ wa pé bí ẹ̀ṣẹ̀ bá kan ẹ̀tọ́ ọmọnìkejì, ìtúúbá kò pé títí a ó fi dá ẹ̀tọ́ náà padà tàbí kí ẹni náà yọ̀ǹda rẹ̀. Ẹni tí ó fọ́ fèrèsé, kí ó ṣiṣẹ́ tí yóò fi ran ilé-ìwé lọ́wọ́ láti rà á. Ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀kọ́rọ̀ sí ara ògiri, kí ó kùn ún lẹ́ẹ̀dà. Ẹni tí ó da oríṣiríṣi orúkọ burúkú sí ọmọ tuntun lára, kí ó jẹ́ ẹni tí yóò máa bá a ka ìwé.

4. Ìbáwí nínú ọgbà. Kí ọmọ náà pàdánù ohun tí ó fẹ́ràn, kì í ṣe ohun tí ó nílò. Kí wọ́n yọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù fún oṣù kan. Kí wọ́n gba báàjì oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó dúró fún wákàtí kan lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá lọ. Bí a bá ní láti yọ ọ́ kúrò ní kíláàsì, kí ó jókòó sí yàrá kan pẹ̀lú olùkọ́, kí ó máa ṣe iṣẹ́ kan náà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe. Gígé koríko láti àárọ̀ di ọ̀sán nígbà tí ẹ̀kọ́ ń lọ, lílé náà ni. Ọgbà nìkan ni wọn kò jẹ́ kó jáde.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé pàṣán ni ká fi rọ́pò rẹ̀. Ibn Khaldun, onímọ̀ Mùsùlùmí tí wọ́n bí ní Túnísì ní 1332, ṣe àlàyé nínú ìwé Muqaddimah pé líle koko mọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ń pa ìdùnnú ọkàn rẹ̀, ó ń sọ ọ́ di ọ̀lẹ, ó sì ń kọ́ ọ ní irọ́ àti ẹ̀tàn nítorí ìbẹ̀rù.

5. Ìwé ojoojúmọ́ àti ẹni tí yóò dúró tì í. Kí ọmọ ní ìwé kékeré kan tí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan yóò fi ọwọ́ sí lẹ́yìn iṣẹ́: ó dé ní àsìkò, ó jókòó jẹ́ẹ́, ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Kí òbí fi ọwọ́ sí i ní alẹ́. Kí àgbà kan nínú ilé-ìwé, ẹni tí ọmọ náà fẹ́ràn, máa pè é lójoojúmọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin irú èyí ń ṣe ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ilé kò lè ṣe.

Ṣùgbọ́n a kò ní tan ara wa. Ọ̀nà yìí gba iṣẹ́. Ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ ìwádìí RAND wo ilé-ìwé 44 láàrin 2015 sí 2017. Ìdajì nínú wọn lo irú ètò ìlàjà yìí. Níbẹ̀, iye ọjọ́ tí àwọn ọmọ pàdánù nítorí ìdádúró dín kù, àwọn olùkọ́ sì sọ pé àjọṣe nínú ilé-ìwé dára sí i. Síbẹ̀, èsì ìdánwò àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà sí ìkẹjọ lọ sílẹ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ sísọ nìkan kò tó. Kí olùkọ́ gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́, kí ètò kíláàsì má ṣe dàrú, kí ẹnì kan má fi ariwo gba ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ ogójì ènìyàn.

BÍ Ọ̀RÀN BÁ LE ŃKỌ́?

Ọ̀ràn wà tí kì í ṣe ti ìjókòó. Ọmọ tí ó gbé ìbọn tàbí ọ̀bẹ wá, ọmọ tí ó ń fi ipá mú ẹlòmíràn wọ ẹgbẹ́ òkùnkùn, ẹni tí ó fi ipá bá ọmọbìnrin lò pọ̀: ààbò àwọn yòókù ni ó ṣáájú. Kí wọ́n yọ ọ́ kúrò láàrin wọn lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti òfin sì dé ọ̀dọ̀ àwọn tí òfin yàn. A kò gbọdọ̀ mú ẹni tí wọ́n fi ipá bá lò pọ̀ jókòó sí iwájú ẹni tí ó ṣe é kí a ní kí wọ́n “parí ẹ̀”. Ìyẹn kì í ṣe ìlàjà. Bíbo àṣírí ìwà ìkà ni.

Síbẹ̀, Yorùbá ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká fi fún ẹkùn pa jẹ. Bí ó bá di dandan kí ọmọ kúrò, kí ìwé tí a ó fún un sọ ọjọ́ tí yóò padà àti ohun tí ó gbọ́dọ̀ ti ṣe. Kí iṣẹ́ kíláàsì máa tọ̀ ọ́ lọ sílé. Bí kò bá lè padà sí ibẹ̀ mọ́ láé, kí ọ̀gá ilé-ìwé bá a wá ibòmíràn kí ó tó tú u sílẹ̀.

IṢẸ́ TIWA NÍNÚ Ọ̀RỌ̀ YÌÍ

Ìwọ olórí ọmọ ilé-ìwé, má fi orúkọ ẹni tí o bá ń bá ṣọ̀tá sí inú ìwé ẹlẹ́ṣẹ̀. Ohun tí o fi ojú rẹ rí ni kí o kọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti agùnbánirọ̀, ẹ dìde sọ̀rọ̀ nínú ìpàdé. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ kan lọ, ẹ bèèrè pé: ṣé a ti gbọ́ tẹnu rẹ̀? Ṣé a ti pe òbí rẹ̀? Kí ni a ti gbìyànjú ṣáájú?

Ẹ̀yin ámíìrù àti ámíírà ẹgbẹ́ wa ní ilé-ìwé, ẹ má ṣe yára yọ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tí wọ́n bá jẹ níyà. Ìgbà náà gan-an ni kí ẹ lọ sí ilé rẹ̀, kí ẹ pè é wá sí ìpàdé ọjọ́ Jímọ̀. Kí lẹ́tà ẹgbẹ́ yín dé kí ti ọba Gássán tó dé.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n bá dá àbúrò yín dúró, ẹ gba ìwé tí ó sọ ẹ̀sùn àti iye ọjọ́. Ẹ má fi í sílẹ̀ lóun nìkan sílé. Ẹ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù tàbí ibi iṣẹ́ yín pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Ẹ wá ẹni tí yóò máa yá a ní nóòtì lójoojúmọ́. Ẹ bá a lọ tọrọ àforíjì. Ní ọjọ́ tí yóò padà, ẹ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Ìwọ tí wọ́n dá dúró, tí o sì ń ka ìwé yìí, Ọlọ́hun kò tíì lé ọ. Ka'b wà ní irú ipò rẹ rí. Òtítọ́ tí ó sọ ni ó gbà á là. Sọ òtítọ́, tún ohun tí o bàjẹ́ ṣe, má sì dáhùn lẹ́tà ọba Gássán.

Ní kúkúrú, ọwọ́ òsì ni a fi ń bá ọmọ wí, ọwọ́ ọ̀tún ni a fi ń fà á mọ́ra. Ilé-ìwé tí ó ń lé ọmọ láìwo ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ ń lo ọwọ́ òsì nìkan. Tiwa ni láti mú ọ̀tún wá.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ láàrin ohun tí a ṣe fún Ka'b ní Mọdínà àti bí wọ́n ti ń lé ọmọ ní ilé-ìwé tí ẹ mọ̀?
2. Bí ẹ bá jẹ́ ìgbìmọ̀ ìbáwí, báwo ni ẹ ó ti parí ọ̀rọ̀ Lágbájá àti Tàmẹ̀dò? Kí ni Tàmẹ̀dò yóò rí gbà?
3. Irú ọ̀ràn wo ni kò yẹ fún ìjókòó ìlàjà? Kí nìdí?
4. Ta ni ẹ mọ̀ ní àdúgbò yín tí wọ́n lé ní ilé-ìwé ní ọdún yìí? Ta ni yóò lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní ọ̀sẹ̀ yìí?

Kí Ọlọ́hun fún àwọn olùkọ́ wa ní sùúrù, kí Ó fún àwọn òbí wa ní ọgbọ́n, kí Ó tún ìwà àwọn ọmọ wa ṣe, kí Ó sì má jẹ́ kí a di ẹni tí yóò ran Ṣàìtáánì lọ́wọ́ lórí ẹnikẹ́ni nínú wọn. Àmín.